Bàbá Àfò àti Àpótí Ohun Ọ̀ṣọ́

Bí ènìyàn ti wù kí ó gbọ́n tó, ibì kan wà tí ọgbọ́n rẹ̀ mọ. Bàbá àgbẹ̀ kan wà ní ìlú Àfò, tí kò jìnnà sí Ìdóàní, ní apá ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ àtijọ́ tí a ń pè ní Ọ̀sẹ́ lónìí. Nígbà náà, pọ́n-ùn àti ṣílè ni a ń ná. Òkìkí bàbá yìí kàn nítorí ìmọ̀ oko. Bí ó bá bu erùpẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á mọ ohun tí yóò ṣe dáadáa níbẹ̀. Bí ó bá dúró ní ẹsẹ̀ ebè tí ó wo ewé iṣu, á sọ irú iṣu tí ó wà nísàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi ọkọ́ kàn án. Àwọn ará ìlú a máa gbé ẹjọ́ ààlà ilẹ̀ wá síwájú rẹ̀, wọn a sì lọ sílé pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ilé ara rẹ̀ tí ó ti fi ogún ọdún rò tí kò rí ojútùú rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀ràn owó-orí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀ràn ilẹ̀. Ohun ọ̀ṣọ́ aya rẹ̀ ni.

Àpótí kékeré kan ni ìyá àwọn ọmọ rẹ̀ fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Pákó ni a fi kàn án, kò sì tóbi ju agbọ̀n tí adìyẹ fi ń sàba lọ. Síbẹ̀, àpótí yìí lágbára ju gbogbo ará ilé lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, tàbí ọjọ́ ìsìnkú àgbà, tàbí ọjọ́ ọdún, bí a bá ti ṣí i, oòrùn a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí kí a tó tún un pa dé. Bàbá a ti wọ agbádá, a ti dé fìlà, a ti dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹsẹ̀ yóò fi máa ro ó.

“Ìyá wọn, ṣé a kò tíì lọ ni?”

“Ẹ ṣe sùúrù, bàbá wọn, ó ku ti etí.”

Bàbá a tún dúró. “Ti etí náà kò tíì tán?”

“Ti etí ti tán, ó ku ti ọwọ́.”

Ní ọjọ́ kan, sùúrù tán nínú bàbá. Ó wọlé, ó jókòó ti àpótí náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ó wà níbẹ̀ bí ẹni ka èbù iṣu. Nígbà tí ó kà á tán, ó mi kanlẹ̀, ó ní, “Ìyá wọn, jọ̀wọ́, là mí lóye. Ọrùn kan ni Ẹlẹ́dàá fún ọ, ẹ̀gbà ọrùn méje ni mo kà. Etí méjì ni o ní, yẹtí mẹ́rìnlá ni mo kà. Àwọn etí yòókù dà? Ṣé ìdálẹ̀ ni wọ́n wà ni?”

Ìyàwó rẹ̀ kò gbójú sókè nínú dígí tí ó ń wò. Ó dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ọkọ́ mẹ́fà ni mo kà lẹ́yìn ilé lánàá, àdá mẹ́rin sì wà lórí àjà. Ọwọ́ méjì péré ni mo rí lára yín. Ọwọ́ wo ni ẹ fi ń di ìyókù mú?”

Bàbá jáde, ó sì padà lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Ìyẹn kéré lójú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí yẹtí kan sọnù. Yẹtí náà kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ. Bàbá ń ti oko bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó sì bá ilé tí gbogbo rẹ̀ ti dà rú. Wọ́n ti kó ẹní síta. Wọ́n ti ń fi asẹ́ ku eérú ìdáná. Àwọn obìnrin àdúgbò gbé fìtílà lọ́wọ́, wọ́n tẹríba mọ́lẹ̀ káàkiri àgbàlá. Wọ́n ti so adìyẹ kan mọ́ ẹsẹ̀ àga, nítorí wọ́n fura pé òun ni ó ṣa á jẹ. Àyà bàbá já. Ó ju ẹrù sílẹ̀, ó ké pé, “Ta ni ó kú?”

Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó béèrè pé, “Èkejì rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó wà létí mi,” ni ìyàwó rẹ̀ wí, tí omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Bàbá mí kanlẹ̀. “Bí ọ̀kan bá ṣì wà, ìdajì ẹkún ni ó yẹ kí o sun.”

Ìyá arúgbó kan tí ó ń fi igi ọwọ́ rẹ̀ tú koríko yíjú sí i, ó ní, “Ọmọ mi, bí bàtà rẹ ọ̀kan bá sọnù, ṣé ìdajì ọ̀nà ni o ó rìn?” Ẹ̀rín sọ láàárín àgbàlá. Láìpẹ́ wọ́n rí yẹtí náà nínú ìṣẹ́po gèlé ẹni tí ó ni ín. Wọ́n tú adìyẹ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án.

Ohun tí ó ru bàbá lójú jù lọ ni orúkọ. Lójú tirẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ a máa pe ọ̀kan ní iyùn, a pe òmíràn ní àkún, a pe ìkẹta ní sẹ̀gi, a sì pe ìkẹrin ní lágídígba. Ó pupa, ó pupa, orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Nígbà tí bàbá sọ pé irọ́ ni àwọn oníṣòwò ń pa fún àwọn obìnrin, ìyàwó rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Bí àlejò láti ìlú òyìnbó bá dé inú abà yín, tí ó rí àlọ̀, ewùrà, ìgàngán àti èsúrú, tí ó sì wí pé iṣu ni gbogbo wọn, iye kan náà ni òun yóò san lórí wọn, kí ni ẹ ó wí?”

“N ó ní aláìmọ̀kan ni.”

“Ó dára,” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti gbà pé ọ̀rọ̀ wà nínú ìlẹ̀kẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Òtítọ́ sì ni. Iyùn kì í ṣe òkúta rárá. Inú òkun ni ó ti ń wá, níbi tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké kan ti ń fi ara wọn kọ́ ilé tí ó le bí egungun. Òkun tí ó wà láàárín Yúróòpù àti àríwá Áfíríkà ni a ti ń rí èyí tí ó pupa. Láti nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn ni àwọn ará Pọtogí ti ń fi ọkọ̀ kó o wá sí Bìní, ó sì ti ibẹ̀ tàn ká ààfin àwọn ọba. Àkún ní tirẹ̀ jẹ́ òkúta pupa. Láyé àtijọ́, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Ìlọrin a máa gbẹ́ irú òkúta pupa bẹ́ẹ̀, wọn a lu ú, wọn a sì yọ́ ọ lórí òkúta títí yóò fi máa dán. Èyí ni a ń pè ní lántànà. Lágídígba dúdú, èèpo èkùrọ́ ni a fi ń ṣe é, nítorí náà ẹni tí ó bá ní ọ̀pẹ lóko ni ó ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Sẹ̀gi aláwọ̀ búlúù sì jẹ́ ọmọ dígí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé láti ìlú òkèèrè nìkan ni gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ dígí ti wá. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babátúndé Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn Yorùbá ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe dígí àti ìlẹ̀kẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó dé èbúté.

Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí àwọn ọmọdébìnrin pàápàá ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bàbá a máa rò pé ariwo lásán ni. Kò mọ̀ pé okùn náà ni ìyá fi ń wọn ọmọ. Bí ó bá ń fún ọmọ nídìí, ìyá á mọ̀ pé ọmọ ń sanra. Bí ó bá ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀, ìyá á mọ̀ pé àìsàn ń bọ̀, á sì tètè wá ìtọ́jú. Abájọ tí àwọn àgbà fi wí pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Ó ku ìyanu kan fún bàbá. Ní oṣù September ọdún kan, ọ̀ràn ọjà gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Fìlà tuntun ni ó dé. Kò tíì rìn jìnnà nínú ìlú tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi pariwo mọ́ ọn pé kí ó ṣí fìlà. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà mú, nítorí ó rò pé olè ni wọ́n. Ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀, tí ó ti tú gèlé rẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́, wí fún un pé ọdún Igogo ni. Ọjọ́ 17 ni wọ́n fi ń ṣe ọdún yìí. Lásìkò rẹ̀, ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlé, a kì í sì í lu ìlù. Agogo ni wọ́n ń lù.

Láìpẹ́, Ọlọ́wọ̀ jáde. Bàbá nu ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Irun orí kábíyèsí ni a dì bí ti obìnrin. Iyùn bò ó láti ọrùn dé àyà, aṣọ rẹ̀ sì kún fún ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn ìjòyè ńlá náà dirun, wọ́n sì wọ ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀ lé e. Gbogbo ayé sì ń yìn wọ́n.

Bàbá rọra sọ sí etí ìyàwó rẹ̀ pé, “Ta ni ó fi àpótí rẹ han kábíyèsí?”

Ìyàwó rẹ̀ fi ìka sí ètè. Ẹni tí wọ́n ń ṣe ọdún náà fún, obìnrin ni. Ọrọ̀nṣẹn ni orúkọ rẹ̀, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́njẹ́n ni. Ìtàn sọ pé ó ní èèwọ̀: ẹnìkan kò gbọdọ̀ lọ ilá níṣojú rẹ̀, kò gbọdọ̀ sọ ẹrù igi kalẹ̀ níṣojú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá níbi tí ó wà. Àwọn orogún rẹ̀ dìtẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀, Ọrọ̀nṣẹn sì fi ìbínú kúrò ní ààfin, kò padà mọ́. Nítorí rẹ̀ ni ọba fi ń ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ bí obìnrin lọ́dọọdún. Ní 1971, Ekpo Eyo, awalẹ̀pìtàn, wa ilẹ̀ ní Igbó Lájà, igbó tí ìtàn so pọ̀ mọ́ Ọrọ̀nṣẹn. Ó bá àwọn ère amọ̀ àtàtà níbẹ̀, tí àwọn onímọ̀ fojú bù pé wọ́n ti lé ní 500 ọdún.

Bí bàbá bá fẹ́ bínú pé ọ̀ṣọ́ jẹ́ ti obìnrin nìkan, ìtàn kò ní gbè é. Ní 1957, ní Ìta Yemòó ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n hú ère idẹ ọba kan àti olorì rẹ̀ tí apá àti ẹsẹ̀ wọn wọnú ara wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ bo àwọn méjèèjì. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Ọ̀wọ̀ a sì máa fi eyín erin ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ fún àwọn ọba. Wọn a gbẹ́ ẹ tí ọ̀kan yóò wà nínú ìkejì, tí inú yóò máa mì nínú òde, bẹ́ẹ̀ ẹyọ eyín kan ṣoṣo ni méjèèjì ti jáde. Irú wọn wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní London títí di òní. Kì í ṣe etí obìnrin kan ni a gbẹ́ ẹ fún.

Ọdún ń yí lu ọdún. Ní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, àkọ́bí bàbá, tí í ṣe obìnrin, sì wà lára àwọn tí ó jàǹfààní rẹ̀. Ọmọ náà mọ̀wé. Ó wọ ilé-ìwé gíga, ṣùgbọ́n níbẹ̀ owó ni a ń san. Kòkó ni bàbá fi ń san án. Nígbà tí ó di 1965, iye kòkó já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé. Bàbá gbé kòkó lọ, owó tí ó gbà bọ̀ kò tó san gbèsè àwọn alágbàṣe. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, kò jẹun. Ó pe ìyàwó rẹ̀, ó sì wí láìgbójú sókè pé, “Ìyá wọn, ó dà bí ẹni pé ọmọ yìí yóò jókòó sílé lọ́dún yìí. Bí Ọlọ́run bá ṣe é, yóò padà lọ́dún tí ń bọ̀.”

Ìyàwó rẹ̀ mọ̀, bí òun náà ti mọ̀, pé ọmọbìnrin tí ó bá jókòó sílé lọ́dún kan kì í sáábà padà. Kò wí nǹkan kan. Ó wọlé, ó fa àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn. Ní ọjọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀, sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà. Nígbà tí ó padà dé, ó gbé owó ka iwájú ọkọ rẹ̀: owó ilé-ìwé ọdún náà pé, ti ìwé àti ti aṣọ sì wà níbẹ̀.

Bàbá wo owó, ó wo ọrùn ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀gbà ọrùn wúrà tí ó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún, èyí tí òun ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, kò sí níbẹ̀ mọ́.

“Èwo ni o tà?”

“Góòlù ni.”

“Èé ṣe tí o kò ta iyùn? Ṣebí òun ni ó pọ̀ jù níbẹ̀.”

“Bàbá wọn, góòlù jẹ́ tèmi. Èrè aṣọ tí mo hun ni mo fi rà á díẹ̀díẹ̀. Òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, iye rẹ̀ ni wọ́n ń san, ibikíbi tí mo bá gbé e dé. Ṣùgbọ́n iyùn kì í ṣe tèmi. Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti gbà á, òun náà gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Mo kàn ń bá ọmọ yìí tọ́jú rẹ̀ ni. Ẹni tí a fi nǹkan pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ kì í tà á.”

Fún ìgbà àkọ́kọ́, bàbá rí àpótí náà bí ó ti rí. Ó ti ń pè é ní àpótí ìfẹ́-ọ̀ṣọ́. Abà ni. Bí òun ti ń kó iṣu sí abà de ọjọ́ ìyàn, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin yìí ń kó tirẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun ìní aya kì í ṣe ohun ìní ọkọ. Ọmọ ni ó ń jogún rẹ̀. Ní àkókò tí kò sí ilé ìfowópamọ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú, ọrùn àti etí ni àwọn obìnrin fi pamọ́ sí, níbi tí ojú gbogbo ènìyàn wà, tí kò sì rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti yá lọ́wọ́ wọn.

Kì í ṣe ní Àfò nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní Màlì, ní ìlú Mopti tí ó wà létí Odò Ọya, àwọn obìnrin Fúlàní ọlọ́rọ̀ a máa so yẹtí wúrà ńláńlá, tí wọ́n á fi okùn gbé e kọ́ orí kí etí má baà ya. Ẹni tí ó bá rí i á rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ara wọn, kò mọ̀ pé iye ọ̀pọ̀ màlúù ni ó wà létí náà. Ní Íńdíà pẹ̀lú, ohun ọ̀ṣọ́ tí a bá fún ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó jẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, òun ni ó sì ń gbójú lé bí ìṣòro bá dé.

Ọmọ náà ka ìwé rẹ̀ parí. Nígbà tí owó kòkó tún ṣe díẹ̀, bàbá pinnu láti san oore padà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó lọ sí ọjà Ọ̀wọ̀, ó sì dúró níwájú ẹni tí ń ta ohun ọ̀ṣọ́ bí ọmọdé tí ó sọnù. Ọlọ́jà béèrè bóyá gígùn ni ó ń fẹ́ tàbí èyí tí ó mọ ọrùn, bóyá oníṣẹ́ọ̀wọ́n ni tàbí èyí tí a lọ́ bí okùn. Bàbá, tí ó lè mọ iṣu láti ara ewé rẹ̀, kò mọ èyí tí yóò dáhùn. Ó nawọ́ sí èyí tí ó ń dán jù, ó sì san owó tí wọ́n pè láìnájà.

Bí ìyàwó rẹ̀ ti gbà á sọ́wọ́, ó ti mọ̀. Ó fúyẹ́. Idẹ ni. Ó gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀ tí ó dúró tí ó ń retí bí akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ ń máàkì ìwé rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì fi í sọ́rùn lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, ó wọ̀ ọ́ lọ wọ́n sì jọ padà wálé nínú oòrùn. Nígbà tí wọ́n dé ilé, ọrùn rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé.

“Góòlù yìí mà ń ṣí àwọ̀,” ni bàbá wí pẹ̀lú ìyàlẹ́nu.

“Góòlù tuntun a máa ṣe bẹ́ẹ̀,” ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin wọn ń múra ìgbéyàwó. Ó ṣí àpótí láti gba iyùn tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ó bá idẹ náà níbẹ̀, tí a wé sínú aṣọ funfun ju gbogbo ìyókù lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá mi, kí ni eléyìí ń ṣe láàárín iyùn?”

“Fi í síbẹ̀,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Òun nìkan ni kò sí ẹni tí ó lè rà á lọ́wọ́ mi.”

Ní ẹnu ọ̀nà, bàbá ti wọ agbádá, ó ti dé fìlà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń ro ó. Ó yọjú wọlé wo àpótí tí ó ṣí sílẹ̀, ó sì tún fi ìka ka ẹ̀gbà ọrùn bí ó ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Wúrà ti lọ, idẹ ti dé. Méje ni wọ́n ṣì jẹ́, ọrùn sì jẹ́ ọ̀kan.